Ká Wọ Ilé Náà Kí Wọ́n Tó Wó O

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ akọ̀ròyìn sọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa l'Ábẹ́òkúta)

  Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí n wá pa yín lẹ́rìn-ín nípa ẹ̀wà alẹ́ Ọjọ́rú àti bí a ṣe máa ń fo fẹ́ǹsì. Ẹ má bínú, mi ò gbé ìyẹn wá. Ìrìn ọ̀la ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ó ti ta sí mi létí pé àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn ò ní lọ, pé kí ló tún kù l'Ábẹ́òkúta táwọn ò tíì rí.

Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́fà ni mo lò nílé ìwé yìí. Mo gun Olúmọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gbogbo kíláàsì wa, lẹ́ẹ̀kan nígbà tó yẹ kí n wà ní kíláàsì ìṣirò. (Tíṣà wa jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn. Ẹ dákun sà, ó ti pẹ́.) Nínú gbogbo ọdún mẹ́fà yẹn, mi ò wọ ilé àtijọ́ kan ṣoṣo nílùú yìí láti béèrè pé ta ló kọ́ ọ. Mo jáde póli, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn l'Ékòó, ni ọ̀gá mi bá ní kí n mú àlejò obìnrin kan láti Bàhíà, ní Brazil, wá wo ìlú wa. Bí a ṣe dé orí afárá Láfẹ́ńwá, ó ní kí dẹ́rẹ́bà dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo omi títí, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ní ọ̀dọ̀ àwọn, ní gbogbo ọjọ́ 2 oṣù Kejì, èrò á kún etí òkun ní Rio Vermelho, wọ́n á máa gbé òdòdó lọ fún Iemanjá. Odò Ògùn yìí ló sì ni Yemọja, kí àwọn baba ńlá wọn tó gbé e sọdá òkun. Ó wá bi mí pé ojúbọ rẹ̀ ní Ìbarà ńkọ́? Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, tí mo ń gba Ìbarà kọjá lójoojúmọ́ nígbà ọmọdé, mi ò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́kadà ló júwe rẹ̀ fún wa. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà o.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la.

Orí Olúmọ la ó kọ́kọ́ lọ kí oòrùn tó mú. Wọ́n ṣe lífítì sí i nígbà àtúnṣe 2006, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, ẹ mú ọ̀pá dání, ẹ má gbọ́kàn lé ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá dókè, ẹ má kàn máa ya ara yín ní fọ́tò. Ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ ó rí odò Ògùn, tó ti apá òkè Ṣakí ṣàn bọ̀, tó ń lọ bá ọ̀sà Èkó. Gbogbo páànù tó ti dípẹtà tẹ́ ẹ ń wò láàárín odò yẹn àti àpáta tẹ́ ẹ dúró lé, àwọn ni mo ń sọ. Ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ibí ní 1830. Àpáta ló bò wọ́n. Ṣùgbọ́n odò ló sọ ibẹ̀ di ìlú tí owó ń wọ̀, torí ọkọ̀ ojú omi ń ti ibẹ̀ kó epo àti òwú sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Sàró náà ti ń padà wálé, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú tí wọ́n sì tú sílẹ̀ ní Sierra Leone. Wọ́n mú iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ bíríkìlà àti ìwé kíkà bọ̀. Ẹ má gbàgbé pé ìlú yìí ò fọwọ́ lẹ́rán jókòó o: àwọn ará Dàhòmì kó ogun wá ní 1851, wọ́n tún wá ní 1864, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n fìdí rẹmi lẹ́yìn odi wa. Ìtàn ìyẹn àti ti Madam Tinúbú, ẹ ti gbọ́ ọ ní praímárì, mi ò ní tún un sọ.

Láti ibẹ̀, ó di Aké. Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti ṣẹ̀ wá. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì Peter Mímọ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìlú yìí kan náà ni Àjàyí Crowther ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé inú ọgbà àwọn mísọ́nárì ní Aké ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí ti jáde? 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ló pè é. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 15 ló ń jáde, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó kú, ẹni tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún, iye tí òwú ń lọ, ìròyìn ogun: kò jìnnà sí ohun tí èmi náà ń kọ fi jẹun lónìí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kún un.

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì, Martin Delany àti Robert Campbell, ti Amẹ́ríkà wá wo ìlú wa, torí wọ́n ń wá ilẹ̀ tí àwọn èèyàn dúdú ibẹ̀ lè wá tẹ̀ dó sí. Ní oṣù Kejìlá 1859, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Aláké àti àwọn ìjòyè. Àdéhùn náà ò kẹ́sẹ járí, ṣùgbọ́n Campbell padà wá sí Èkó, ó sì dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1863. Akọ̀ròyìn bí tèmi ni. Nígbà tí mo kà á, ara mi bù máṣọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Aké? Ní oṣù Kẹwàá 1867, ìjà òṣèlú àárín Ẹ̀gbá àti àwọn òyìnbó tó wà l'Ékòó dé góńgó, wọ́n kó àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn mísọ́nárì, wọ́n ba ẹ̀rọ jẹ́, àwọn òyìnbó jáde nílùú, ìwé ìròyìn náà sì parí síbẹ̀. Ìfọ́lé ni àwọn àgbà pe ọ̀ràn náà. Mo lọ síbẹ̀ láti béèrè ibi tí ẹ̀rọ náà wà gan-an. Ẹni àkọ́kọ́ nawọ́ sọ́tùn-ún, ẹnì kejì nawọ́ sósì, ẹnì kẹta bi mí bóyá kọ̀ǹtírákítọ̀ ni mí.

A ó tún yà sí ilé ìdílé Ransome-Kuti. Ìyá Fúnmiláyọ̀ tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ nínú akẹ́kọ̀ọ́ Abẹ́òkúta Grammar School, òun ló kó àwọn obìnrin ọjà jọ láti kọ́ wọn ní ìwé, òun náà ló sì kó wọn lọ sí ààfin nítorí owó orí, títí Aláké ìgbà náà fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní 1949. Ilé yẹn rọrùn. Orúkọ ńlá wà lórí rẹ̀, èèyàn ńlá á máa ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí Wọlé Ṣóyínká gbé nígbà èwe ní Aké: ọmọ ilé ìwé gbogbo ló ń ka ìwé tó fi orúkọ àdúgbò náà pè ní 1981. Ìbẹ̀rù tèmi kò sí níbẹ̀ yẹn.

Àwọn tí orúkọ wọn ò jáde nínú ìwé ni ìbẹ̀rù mi. Ẹ mọ ilé tí mò ń sọ: pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tí fèrèsé onípákó rẹ̀ ga, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dún, tí bàbá tó kọ́ ọ sì sùn sábẹ́ ilẹ̀ yàrá kan. Ẹ má tàn ara yín pé òfin á gbà á. Ilé Ilọ́jọ̀ Bar tó wà ní Tinubu Square l'Ékòó, ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n ti kọ́ láti bí 1855, ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Wọ́n wó o ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016. Tí èyí tí òfin mọ orúkọ rẹ̀ bá lè lọ bẹ́ẹ̀, èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ilé bàbá bàbá mi wà lápá Ìkìjà. Wọ́n wó o ní 2011. Kì í ṣe ọ̀tá ló wó o, àwa la wó o. Ojúlé mẹ́rin ni ẹbí pín sí, àwọn kan wà l'Ékòó, àwọn kan wà ní London, páànù ẹ̀yìn ń jò, a ò sì fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ẹni tó máa ra páànù. Ẹnì kan wá gbé owó wá pé òun fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo wà níbi ìpàdé ẹbí náà. Mo jẹ ìrẹsì tí wọ́n sè. Kámẹ́rà iṣẹ́ mi wà nínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, mi ò yọ ọ́ jáde.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá bàbá yẹn, ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ rẹ̀ sára ògiri, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà: òjò rọ̀, ọkọ̀ ojú irin pẹ́ kó tó dé, ẹni báyìí wá kí wa. Ìwé ìròyìn ilé wa nìyẹn. Mo ti kà á lọ́mọdé, mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n ní kí àǹtí bàbá mi mú ọjọ́ ìbí wá fún ìwé kan. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ìwọ lo máa ń kà á fún wa nígbà yẹn. Kí ni wọ́n kọ síwájú orúkọ mi?" Mi ò rántí. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀kan ń ta káàdì fóònù, méjì tì pa.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ alága pé kí a fi ilé kan kún ìrìn ọ̀la. Mi ò ní dárúkọ ìdílé náà sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wá ilé ìwé kí họ́sítẹ́ẹ̀lì tó gbòòrò, ẹ mọ̀ ọ́n, torí àwọn kan nínú yín gbé níbẹ̀, tí màmá ilé náà ń bu ẹ̀bà fún yín láìgba kọ́bọ̀. Òrùlé ẹ̀yìn ti wọ̀. Ìparí oṣù yìí ni ẹbí fẹ́ ṣe ìpàdé lórí bóyá kí wọ́n tà á. Ilé wọn ni, wọn ò jẹ wá ní nǹkan kan, a ò sì lọ pàṣẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé owó géètì tuntun tí a dá ti pé jọ. Géètì tó wà níbẹ̀ ṣì ń ṣí, ó sì ń tì. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká yọ owó páànù nínú rẹ̀, ká gbé e fún ẹbí kí ìpàdé wọn tó kò. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó dìde lẹ́yìn tí mo bá jókòó, ká jọ sọ ọ́. Alága ní a ó dìbò kí a tó sùn.

Aago méje àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì máa gbéra ní iwájú ọ́fíìsì pírínsípà. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀. Ẹ mú bírò àti ìwé dání, ẹni tó bá ní fóònù tó ya fọ́tò dáadáa kó gba iná sí i lálẹ́ yìí. Tí a bá dé ilé màmá, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ má wọ yàrá ọwọ́ ọ̀tún láìgbàṣẹ, bàbá wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá fúnra rẹ̀ sọ orúkọ àwọn tó kọ́ ilé náà, kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Etí òsì rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, apá ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí.