Arán Tí Kì Í Ṣe ti Àgbà



“Ọtí ti dá lójú rẹ̀” ni a máa ń wí nígbà tí ẹni tí ó mutí lánàá bá jí tí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ogún ọdún mu ògógóró tàbí paraga láràárọ̀, ọtí lè dá lójú rẹ̀ kí ó má dá nínú ọpọlọ rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń gbàgbé ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ní ẹni àádọ́ta ọdún, a ó ní ó ti ń ṣarán. Arán ta ni? Ti ọjọ́ orí, tàbí ti ọtí?

Ọtí àmujù a máa mú kí ọpọlọ súnkì, pàápàá níwájú, níbi tí a fi ń kó ara ẹni níjàánu, àti ní ìpàkọ́, tí ń mú kí ìrìn gún. Ebi tún wà níbẹ̀. Ọpọlọ kò lè lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa láìsí fítámìnì B1, èyí tí ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Ọ̀mùtí kì í sábà jẹun tó. Ìwọ̀nba tí ó bá sì jẹ, ọtí kì í jẹ́ kí ìfun rẹ̀ fa fítámìnì náà bí ó ti yẹ. Ní 1881, Carl Wernicke, dókítà ará Jámánì, ṣàpèjúwe àbájáde rẹ̀: ẹyinjú tí kò yí dáadáa, ìrìn tí kò gún, ọkàn tí ó dàrú. Bí a kò bá tètè wò ó, ó lè di àìsàn tí Sergei Korsakoff, ará Rọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lé lórí ní 1887: aláìsàn kò ní lè fi ohun titun sọ́kàn mọ́.

Èyí ni ó kan èmi olùkọ́ èdè jù. Bí ẹ bá bi í pé níbo ni ó ti ń bọ̀, ó lè ní oko Ìdèrè ni, kí ó dárúkọ ẹni tí wọ́n jọ lọ, nígbà tí kò kúrò ní ẹ̀yìnkùlé láti òwúrọ̀. Gbólóhùn rẹ̀ gún, òwe rẹ̀ bọ́ sípò. Kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa. Ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń fi ìtàn dí ihò tí ìrántí fi sílẹ̀. Àwa sì ń pè é ní òpùrọ́.

Ara yòókù náà ń gbó. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ohun kan wà bí ìṣẹ́tí aṣọ tí ń dáàbò bo etí okùn àjogúnbá. Bí a ti ń dàgbà ni ó ń kúrú. Ní 2022, àwọn olùwádìí Oxford yẹ àkọsílẹ̀ ènìyàn tí ó ju 245,000 lọ wò ní Bìrìtéènì. Wọ́n rí i pé ti àwọn tí ń mutí púpọ̀ kúrú bí ẹni pé wọ́n fi ọdún kan sí méjì dàgbà ju àwọn tí ń mu díẹ̀ lọ.

(Èmi kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́, ti ìwé ni tèmi.) Síbẹ̀, ẹ má ṣe tì í mọ́lé kí ẹ sì gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọtí lè máa gbọ̀n, kí gìrì mú un, kí ó sì kú. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń mú akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá kọ́ iṣẹ́ ìlera àwùjọ ní Igbó-Ọrà. Ilé ìwòsàn kò ṣàjèjì sí wa, láti Ẹ̀rúwà dé Ìdèrè. Ẹ gbé e lọ kí ó tó pẹ́, kí ẹ má sì fi ìtìjú bo iye ọtí tí ó ń mu lójoojúmọ́ mọ́ dókítà lójú, nítorí kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára ni ó yẹ kí wọ́n ti fún un ní fítámìnì náà.