Ohùn Ta Ni A Ó Fi Polówó Ọjà Wa?

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí ohùn. A fẹ́ sọ bí ẹgbẹ́ oníṣòwò ṣe lè yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ nínú fídíò tí wọ́n fi ń polówó ọjà.

Ẹ lè bi mí pé: "Kí ni ìyẹn?" Nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí obìnrin tí ó ń yan gààrì. Ó ń sẹ́ ẹ, ó ń dì í sínú àpò. Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò rí ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ni ẹ ń gbọ́. Ohùn yẹn ni ó ń ṣàlàyé ohun tí ojú ń rí. Lónìí, fóònù ọwọ́ kan tó láti ya fídíò. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan wà ní agbègbè wa tí wọ́n ń ta gààrì. Wọ́n fẹ́ kí àwọn oníbàárà pọ̀ sí i. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn ya fídíò fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá ku ohùn. Wọ́n ní: "Ẹ jẹ́ kí á lọ pe gbajúmọ̀." Wọ́n lọ sí ìlú, wọ́n pe ọkùnrin kan tí ó máa ń darí àríyá. Wọ́n san 20.000 fránkì fún un. Inú àpótí ẹgbẹ́ ni owó náà ti jáde. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi kó o jọ.

Ohùn ọkùnrin náà dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n ó ń yára sọ̀rọ̀, ó sì ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá ìlú ńlá. Nígbà tí a gbé fídíò náà síta lọ́jà, àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń mi orí. Mo bi ìyá kan léèrè pé: "Ìyá, kí ni ẹ gbọ́?" Ó dáhùn pé: "Ọmọ mi, ó dùn létí. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ó ń tà." Ẹ gbọ́ o! Owó ti lọ, ọ̀rọ̀ kò dé etí ẹni tí yóò ra ọjà.

Níbo ni àṣìṣe náà wà? Ẹgbẹ́ fi etí ara wọn yan ohùn. Etí ẹni tí yóò ra ọjà ni ó yẹ kí wọ́n fi yàn án. Ẹ̀kọ́ wa ti òní nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn.

Àwa ará Kétu kì í ṣe àjèjì sí yíyan ohùn. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, kì í ṣe ẹwà aṣọ nìkan ni a ń bá lọ. A ń lọ gbọ́ ohùn ẹni tí ń kọrin. Ohùn náà gbọ́dọ̀ dún ketekete, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì yé ọmọdé àti àgbà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé wọn, ta ni yóò rẹ́rìn-ín? Ta ni yóò gba ìkìlọ̀? Bí a ti ń yan olórin Ẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí á yan ẹni tí yóò polówó ọjà.

Àpẹẹrẹ mìíràn tún wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa yìí. Lẹ́yìn ọdún 2005, nígbà tí ilé-iṣẹ́ AfricaRice wà ní Kùtọ̀nú, wọ́n ṣe fídíò kan nípa ìrẹsì. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń fi ooru omi se ìrẹsì tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀, kí wọ́n tó sá a, kí wọ́n tó bó o. Àwọn tí wọ́n ṣe fídíò náà mọ̀ pé àgbẹ̀ tí kò gbọ́ èdè kan kò lè kọ́ iṣẹ́ ní èdè náà. Nítorí náà, wọ́n wá àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n fi èdè ìbílẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àwọn èdè Áfíríkà tí wọ́n fi sọ fídíò ìrẹsì wọn lé ní 30. Àwòrán kan náà ni, ṣùgbọ́n ohùn ń yí padà gẹ́gẹ́ bí etí tí yóò gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin wa. Nígbà kejì, wọn kò wá gbajúmọ̀ mọ́. Wọ́n pe ènìyàn mẹ́ta: olùkọ́ kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ń kọrin, àti ìyá kan tí ó ti ń yan gààrì fún ọdún pípẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ka ọ̀rọ̀ kan náà, a sì gba ohùn wọn sínú fóònù. A gbé e lọ sí ọjà. A kò sọ orúkọ ẹnikẹ́ni. A jẹ́ kí àwọn oníbàárà gbọ́ ọ, a sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Kí ni ẹni yìí ń tà?
2. Ǹjẹ́ ẹ gba ohun tí ó sọ gbọ́?
3. Ǹjẹ́ ẹ ó fẹ́ rà á?

Ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin náà ni ó dùn jù. Ti olùkọ́ ni ó yé ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó dà bí ẹni tí ń bá ọmọ ilé-ìwé wí. Ohùn ìyá náà ha díẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbọ́ ti ìyá náà, wọ́n bi wá pé: "Níbo ni a ti lè rí gààrì yìí rà?" Ọ̀rọ̀ parí.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Ọ̀rọ̀ tí a kọ fún ìyá náà kò ní àmì ohùn. A kọ ọ́ báyìí: "Owo wa mo, gaari wa gbe." Ìyá wò ó, ó dúró. Ó ní: "Ṣé owó ni, àbí ọwọ́, àbí òwò?" Ojú tì wá. A tún un kọ: "Ọwọ́ wa mọ́, gààrì wa gbẹ." Ó kà á geere. Ẹ rí i pé àmì tí a ń kọ́ yín ní kíláàsì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Bí àmì kò bá sí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lè di ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ owó.

Ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá náà ka ọ̀rọ̀ náà kí ó tó dára. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Ẹni tí ó mọ̀wé dáadáa pàápàá ń kà á tún kà.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, ẹ ṣe báyìí. Ẹ wọ inú yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ fi aṣọ kọ́ ara ògiri, kí ohùn má baà máa padà. Ẹ má ṣe é nígbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù, tàbí nígbà tí ẹ̀rọ ń lọ àgbàdo nítòsí. Ẹ lé adìyẹ síta. Ẹ má gbé fóònù kan ẹnu. Ẹ má sì sọ iye owó ọjà nínú fídíò, nítorí owó gààrì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ kọ iye owó náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ohùn sọ ohun tí kò sí nínú àpò. Bí gààrì kò bá gbẹ, ohùn dídùn kò lè mú un gbẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó ìṣẹ́. Èyí dá ìjà díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Àwọn kan ní: "Ọmọ ẹgbẹ́ ni ìyá yìí, kí ni a ó san fún?" Òun náà kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Àgbà kan wá ní: "A san 20.000 fránkì fún àlejò tí kò ta àpò kan fún wa. Ṣé ti ará ilé ni yóò jẹ́ ọ̀fẹ́?" Wọ́n fohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì fún un ní 5.000 fránkì. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: iye tí wọ́n san, ibi tí wọn yóò ti lo ohùn náà, àti pé wọn kò ní fi polówó ọjà mìíràn láìbi í. Ìyá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Kò tẹ ìka.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n fẹ́ fi fídíò náà ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìtajà kan ní Kùtọ̀nú. Olùkọ́ ni ó fi Faransé sọ èyí, nítorí etí mìíràn ni yóò gbọ́ ọ. Ìyá wa kò bínú. Ó mọ ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé:

1. Kí ló dé tí owó àkọ́kọ́ fi ṣòfò?
2. Ẹ ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè: owó, ọwọ́, òwò. Kí ni ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan?
3. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ṣe fídíò, ta ni yóò gbọ́ ọ? Ohùn ta ni ẹ ó dán wò fún wọn?