Ẹni Tó Ṣáájú Ló Ń Mú Ọkàn Ẹlòmíì Le
Ní 1841, Àjàyí Crowther bá ọkọ̀ wọ Odò Ọya. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó tí wọ́n jọ lọ. Síbẹ̀, ní 1857, ó tún padà, àwọn ọmọ Áfíríkà onígbàgbọ́ sì bá a dé Onitsha. Ẹni tó ti fojú rí ewu ló ṣáájú wọn.

Ṣùgbọ́n Jésù ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Ẹ má fi gbogbo owó àjọ ra ọjà tuntun. Èyí tẹ́ ẹ lè pàdánù ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Tó bá tà, ẹ fọ̀nà han ẹnì kejì. Ẹsẹ̀ yín ló ń wò kó tó gbé tiẹ̀. Olúwa á ṣáájú wa o. Àmín.