Bí A Ṣe Lè Mọ Iye Tí Ó Yẹ Kí A Ra Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ilé rírà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi owó kòkó tàbí owó ìfẹ̀yìntì pamọ́ kí ó lè ra ilé kan sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kí a tó san án, ó yẹ kí a rántí pé iye tí a ń pe ọjà kọ́ ni iye tí a ń tà á.

Ní Íńgíláǹdì àti Wales, ìjọba ní àkọsílẹ̀ iye tí a ta ilé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan láti ọdún 1995, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó láìsan kọ́bọ̀. A kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ẹnu àwọn aládùúgbò ni ìwé tiwa. Ẹ lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ní òpópó náà, ẹ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé, ẹ má sì gbára lé ọ̀rọ̀ alágbàtà nìkan, nítorí bí iye ilé bá ṣe pọ̀ tó ni owó tirẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Ká ní wọ́n pe ilé oníyàrá mẹ́rin kan ní mílíọ̀nù 30 náírà. Ẹ wádìí, ẹ sì rí i pé a ta irú rẹ̀ mẹ́ta ní àdúgbò náà láàárín oṣù mẹ́fà: ọ̀kan ní mílíọ̀nù 22, èkejì ní mílíọ̀nù 23, ẹ̀kẹta ní mílíọ̀nù 29. Kí ni ó mú kí ẹ̀kẹta wọ́n? Ó ní kànga ẹ̀rọ, a mọ ọgbà yí i ká, ó sì ní ìwé C of O. Bí èyí tí ẹ fẹ́ rà kò bá ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mílíọ̀nù 23 ni kí ẹ ná an dé, kí ẹ má kọjá rẹ̀.

Títà tí ó ti pẹ́ kì í ṣe amọ̀nà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa dá, owó sìmẹ́ǹtì àti irin ti gòkè. Iye tí a ta ilé ṣáájú ìgbà náà kò bá ti òní mu mọ́. Ẹ tún béèrè gbogbo ohun tí ẹni tí ó rà á san: owó alágbàtà, owó ìwé, àti owó àṣẹ gómìnà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 béèrè fún.

Bí iye tí wọ́n pè bá sì kéré ju ti àwọn yòókù lọ púpọ̀, ẹ má tètè yọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹbí ń jà lórí ilé náà, tàbí pé a ti tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò ní ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ ti ìjọba, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Abéèrè kì í ṣìnà. Kò sí ìtìjú nínú kí a bi aládùúgbò léèrè. Ìtìjú ni kí a san mílíọ̀nù 7 lé iye ilé nítorí pé a kò yà sí ojúlé kejì.