ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀ OJÚ SÁNMÀ ÀTI TI ILÉ Ẹ̀KỌ́ WA
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, Ìdànrè)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo mú wá. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ wá gbọ́.

Bí ọmọdé bá ju ọsàn sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600, ẹ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni yóò yí lọ. Agbára ilẹ̀ tó fa ọsàn náà ló ń bá ṣáláńgá wa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó ń yí ayé po lójú sánmà, nǹkan kì í já bọ́, ńṣe ló ń léfòó. Ní oṣù Karùn-ún 1969, àwọn mẹ́ta inú Apollo 10 rí ìgbẹ́ tó ń fò kiri láàárín wọn. Kálukú ní òun kọ́ ló ni ín! Àpò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí ni wọ́n ń lò nígbà náà.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣe èyí tí afẹ́fẹ́ ń fa ẹ̀gbin wọlé. Wọn ò sì kàn gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Bàálù kan á fò sókè bí ẹni pọ́n òkè, á ré téńté rẹ̀ kọjá, á wá sísàlẹ̀. Bó ti ń ré e kọjá, fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 25, ẹni inú rẹ̀ á léfòó. Inú bàálù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti dán an wò. Ẹ bá mi wo ẹni tí wọ́n ní kó gbọnsẹ̀ kíákíá, ó yá!

Èyí tí NASA gbé lọ ní oṣù Kẹwàá 2020 ná wọn ní mílíọ̀nù 23 dọ́là. Wọ́n tún un ṣe kó lè rọ obìnrin lọ́rùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn tó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ ò tijú láti bi ẹni tí yóò lò ó.

Ní oṣù Kọkànlá 2019, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Àmọ́ àṣẹ kì í gbẹ́ ihò. Àwa náà fẹ́ kọ́ ọ̀kan. Kí a tó kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára ògiri, ẹ jẹ́ ká bi àwọn ọmọbìnrin: ṣé ilẹ̀kùn ṣeé tì láti inú? Níbo lomi wà? Bí nǹkan oṣù bá dé, níbo ni wọn yóò ti tọ́jú ara? Ta ni yóò máa fọ̀ ọ́ nígbà tí a bá ti padà sí Èkó? Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Mo dábàá pé kí a fi ìyá méjì àti ọmọbìnrin mẹ́ta sínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, kí a tó ra búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo.