Ọmọ Olójòjò Kì Í Ṣe Ẹrù Ìyá Rẹ̀ Nìkan

 

Nígbà tí àwọn àgbà Ìjọ ní kí a wá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ńlá yìí, a rò ó pé ìyìn àwọn tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ Ìjọ lélẹ̀ yóò ti ẹnu àwọn ẹlòmíràn jáde. Nítorí náà ni a ṣe yàn láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò lè dé ibi ayẹyẹ lónìí, èyíinì ni àwọn ọmọ tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde dá dúró sílé, àti àwọn ìyá tí wọ́n jókòó tì wọ́n.

Àrùn yìí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí ọ̀rọ̀ dókítà tó dé etí wa ni àwọn baba wa ti ń rí ọmọ tí a bí ní pípé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí ó ń ké pé egungun ń ro òun, tí ó sì kú kí ó tó mọ ìrìn í rìn dáadáa. Wọ́n pè é ní àbíkú. Orúkọ tí wọ́n sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàárín wa: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí. A kò lè sọ pé àrùn kan ṣoṣo ni ó pa gbogbo àbíkú, nítorí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tí ń mú kí ọmọ máa kú léraléra nínú ilé kan náà.

Ní ọdún 1910 ni dókítà James Herrick ti ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ohun tí ó rí nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti erékùṣù Grenada wá. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa a máa rí roboto. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ti akẹ́kọ̀ọ́ yìí tẹ̀ bí dòjé. Hóró tí ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa há sí ojú iṣan tín-ín-rín, ibi tí ó bá sì há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó pé a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara; èyí tí ó rí bí dòjé kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tán lára ọmọ, tí ojú rẹ̀ sì ń pọ́n.

Ta ni kí a wá dá lẹ́bi? Ní ilé púpọ̀, ìyá ni a ń tọ́ka sí. Wọn a ní àjẹ́ ni, wọn a ní láti ìdílé tirẹ̀ ni àrùn náà ti wá. Irọ́ gbáà ni. Kò sí ọmọ tí ó ní àrùn yìí bí kò ṣe pé ó gba ìpín lọ́dọ̀ baba, tí ó sì gba ìpín lọ́dọ̀ ìyá. Bí baba bá jẹ́ AS, tí ìyá náà sì jẹ́ AS, ìpín kan nínú mẹ́rin wà, ní oyún kọ̀ọ̀kan, pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ti bọ́. Bí oyún kọ̀ọ̀kan ti ń dé ni a tún ń ṣẹ́ kèké náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí a má sì gbàgbé C, tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá: AC tí ó fẹ́ AS lè bí ọmọ SC, ìrora sì wà fún òun náà.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè wa ni ó jẹ́ AS, nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a sì ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ fi ń bèèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó so ọkọ àti ìyàwó pọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: ìwé náà kò ṣe ohunkóhun fún ọmọ tí a ti bí. Bí a kò bá ṣọ́ra, yóò di ohun tí a fi ń gan àwọn òbí rẹ̀. Ayé yóò wò wọ́n, wọn yóò ní, “Ṣé wọn kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni?” Ìtìjú yóò mú ìyá fi ọmọ pamọ́, ọmọ tí a sì fi pamọ́ kì í rí ìtọ́jú lásìkò.

Kí a má sì sọ pé irú ọmọ yìí kò ní dàgbà. Ní Jàmáíkà, a kọ́ àwọn ìyá láti máa fi ọwọ́ wá abẹ́ ìhà òsì ọmọ wọn, nítorí ẹ̀yà ara kan wà níbẹ̀ tí ó lè wú lójijì, tí yóò sì fa ẹ̀jẹ̀ mọ́ra. Ìyá tí ó mọ èyí a tètè gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, ikú sì dínkù gidigidi. Ní Amẹ́ríkà, ní 1986, a fi hàn pé pẹnisílíìnì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ń dáàbò bo ọmọ kékeré lọ́wọ́ àìsàn tí ń pani ní wàrà-ǹ-ṣe-ṣà. Hydroxyurea pẹ̀lú ń dín ìrora kù, bí dókítà bá ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Nínú ilé, kí omi mímu pọ̀, kí àwọ̀n ẹ̀fọn wà, kí a má fi oògùn ibà tí dókítà là sílẹ̀ jẹ́, kí aṣọ òtútù wà ní ìgbà ọyẹ́. Bí ara ọmọ bá gbóná, bí mímí bá ṣòro fún un, bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ rọ, kí a má dúró di ọ̀la.

Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìwó níhìn-ín fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀ràn bá ju èyíinì lọ, ilé ìwòsàn Yunifásítì wà ní Òṣogbo àti ní Ilé-Ifẹ̀, Wesley Guild wà ní Iléṣà, UCH sì wà ní Ìbàdàn. Ní Ìdí-Àràbà ní Èkó ni Sickle Cell Foundation wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1994, níbi tí àwọn òbí ti ń rí ìmọ̀ràn gbà.

Ṣùgbọ́n kí ni ilé ìwòsàn jámọ́ fún ẹni tí kò ní owó ọkọ̀? Àwọn ìyá wà láàárín wa tí owó ìṣòwò wọn ti tán sórí ọmọ, tí àtẹ wọn lọ́jà ti ṣófo, tí bàbá ọmọ sì ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Òfin adójútòfò ìlera tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní 2022 ní kí olúkúlùkù wọ inú ètò náà, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ nítorí àwọn aláìní. Àwọn tí wọ́n mọ ìwé láàárín wa ni ó yẹ kí wọ́n bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè ohun tí ètò náà lè san.

Nítorí náà ni a fi mú ohun mẹ́rin wá síwájú Ìjọ. Èkíní, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ara wọn le yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ láti máa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, nítorí a kì í wá ẹlẹ́jẹ̀ ní òru tí ọmọ ń kú lọ. Èkejì, kí àpò kan wà fún owó ọkọ̀ àti oògùn, kí a má sì ka orúkọ ẹni tí ó gbà á sétí ìjọ. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ olójòjò máa mu omi nígbà tí ó bá fẹ́, kí wọ́n má sì pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ̀kẹrin, kí baba máa bá ìyá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ni.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 19 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún àrùn yìí ní 2008. A rọ Ìjọ pé kí a fi ọjọ́ náà ṣí àgbàlá wa sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún, kí a sì pe àwọn Mùsùlùmí ará ìlú wa sí i. Ìdílé kan náà ni a ti ń rí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ní Ìwó, àrùn yìí kì í sì í bèèrè ibi tí ènìyàn ti ń kírun tàbí tí ó ti ń gbàdúrà.

Àwọn àgbà ní ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Kí igba ojú náà má ṣe wo ọmọ olójòjò láti òkèèrè. Ọlọ́run yóò bá wa wo gbogbo ọmọ wa yè. Àmín.