Iṣẹ́ Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Aṣọ Oyè

Àwọn tó ń gboyè lọ́dún yìí ní LASUSTECH, Ìkòròdú, tó ń jẹ́ LASPOTECH títí di ọdún 2022, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU ní Ẹ̀pẹ́, ti gbọ́ ẹ kú oríire títí etí wọn fi kún. Ọ̀rọ̀ tiwa yóò yà sílé díẹ̀. Iṣẹ́ kan ti ń dúró dè wọ́n níbẹ̀, kò sì lówó oṣù: màmá fẹ́ kí ẹnjiníà òun wá wo WiFi tó ń wọ́ bí ìgbín.

Ojú ìwé ráótà ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 ni à ń tẹ̀. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ya irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé, ìdí nìyẹn tí ilé kan ní Èbúté, Ìkòròdú, àti òmíràn lẹ́bàá ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ fi lè jọ máa lo ẹyọ kan náà láìsí ìjà. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí WiFi náà ló máa hàn níbẹ̀: fóònù bàbá, tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, kámẹ́rà ẹnu géètì. Èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò dá mọ̀ lè jẹ́ ti ayálégbé tó ti kó lọ tipẹ́.

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan náà ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tirẹ̀; ó dára kí ti kámẹ́rà àti ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé má máa yí padà. Ráótà lè ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún wọn, MAC ni yóò fi dá wọn mọ̀, ìyẹn àmì méjìlá tí ilé iṣẹ́ fi sára ẹ̀rọ. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má pe MAC ní àgádágodo. Ó ṣeé yí. Fóònù Android láti orí Android 10 ti ọdún 2019, àti iPhone láti orí iOS 14 ti ọdún 2020, ti lè gbé MAC àdàmọ̀dì wọlé fúnra wọn. Ọmọ tó bá fi MAC dènà àlejò lè ti màmá rẹ̀ gan-an mọ́ta.

Ọ̀rọ̀ aṣínà ni àgádágodo.

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ aṣínà tí a kò pààrọ̀ lè fà: ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Làìbéríà dákú. Daniel Kaye, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni òṣìṣẹ́ àgbà kan ní ilé iṣẹ́ fóònù Cellcom gbà láti ba iṣẹ́ Lonestar tí wọ́n jọ ń díje jẹ́. Kámẹ́rà ààbò tí àwọn ẹlòmíràn fowó ara wọn rà wà lára ohun tó kó jọ, tó sì ní kí gbogbo wọn ya bo Lonestar lẹ́ẹ̀kan náà. Orí Mirai, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jí ẹ̀rọ ẹlòmíràn lò, ló ti rọ ohun ìjà rẹ̀. Mirai fúnra rẹ̀ kò ní ọgbọ́n kan lọ títí: nǹkan bí ọgọ́ta orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tó ti ilé iṣẹ́ bá ẹ̀rọ wá, irú bí "admin", ló ń dán wò níkọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán Kaye lẹ́wọ̀n oṣù 32.

Nítorí náà, kí àwọn ọmọ wa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà ráótà àti ti kámẹ́rà lọ́jọ́ náà gan-an. Ti ráótà yàtọ̀ sí ti WiFi, ọ̀pọ̀ ilé ni kò mọ̀. Kí wọ́n yan WPA2 tàbí WPA3 fún ààbò WiFi, kí wọ́n sì ṣí WiFi àlejò sọ́tọ̀ fún àwọn ayálégbé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ń yún un láti wo ti aládùúgbò, òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, ti ọdún 2015, ka wíwọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè sọni sẹ́wọ̀n.